Ìyẹ̀fun Pákó, Epo Ọkọ̀, àti Ohun tí À Ń Pè ní Pàǹtí

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì, kí ẹlòmíràn sì máa bi wá pé kí ló kan olùkọ́ ilé kéwú nípa epo ọkọ̀. Ó kàn wá. Àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ igi di epo. Èèpo igi, ẹ̀ka igi, ìyẹ̀fun tí ayùn ń tú sílẹ̀ ní sọ́míìlì, gbogbo rẹ̀ ni ó lè di epo tí mọ́tò ń mu. Wọ́n ní irú epo bẹ́ẹ̀ kì í tán, nítorí pé igi tí a gé lónìí, òmíràn lè hù rọ́pò rẹ̀ lọ́la. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń kà nípa rẹ̀ ní yunifásítì ń bi wá bóyá kò yẹ kí mùsùlùmí fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, nígbà tí ẹ̀sìn wa kórìíra ìfiṣòfò. Èsì wa ni pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn bá pè ní pàǹtí ni ó jẹ́ pàǹtí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le.

Bí ọ̀rọ̀ epo bá yẹ kí ó yé ẹnikẹ́ni, àwa tí a ń gbé Satellite Town ni. Festac tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ, nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣe ní 1977. Nígbà tí ó yá, epo fúnra rẹ̀ wá bá wa gbé. Àwọn àgbá epo ńláńlá wà létí omi lápá Ìjẹ́gun Ẹ̀gbá, páìpù epo gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá láàárín àwọn ilé, ọkọ̀ agbépo sì ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé du ọ̀nà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, ìbúgbàù ńlá ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Adó nítòsí wa. Ó lé ní 20 ènìyàn tí ó kú, ọ̀pọ̀ ilé wó, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan bàjẹ́ kanlẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà sì kú níbi tí ó ti ń du ẹ̀mí àwọn ọmọ. Ẹ̀sìn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sìn wa, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí ó yẹ kí ó gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bí 200 náírà lítà kan fò sókè dé nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀. Owó ọkọ̀ láti Alákijà dé Mile 2 kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu mọ́. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dìde pé òun lè fi ìdọ̀tí ṣe epo, kò sí ẹni tí kò ní fetí sílẹ̀ ní àdúgbò wa.

Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé pàápàá kò dákẹ́ lórí igi àti iná. Nínú Súrátù Yāsīn, Ọlọ́run Ọba rán wa létí iná tí Ó mú jáde láti ara igi tútù. Nínú Súrátù al-Wāqiʿah, Ó bi wá nípa iná tí a ń dá, bóyá àwa ni a dá igi rẹ̀ ni tàbí Òun. Lẹ́yìn náà ni Ó sọ ohun méjì tí Ó fi iná náà ṣe: ìrántí, àti ohun àǹfààní fún àwọn arìnrìn-àjò. A kò sọ pé āyah náà ń sọ̀rọ̀ dísù o. Ẹni tí ó bá ń sọ Al-Kùránì di ìwé kẹ́místírì, ó ń tàbùkù Al-Kùránì, ó sì ń tàbùkù kẹ́místírì. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Ìrántí ni ó ṣáájú, àǹfààní ni ó tẹ̀lé e. Arìnrìn-àjò ní ẹ̀tọ́ sí iná inú igi, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí ó ṣáájú ẹ̀tọ́ náà: ta ni ó dá igi?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí ìdájọ́ lórí ohun tí a kò mọ̀ kò bójú mu. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a fi ooru líle mú igi níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀. Igi náà kò ní jó tán, yóò tú gáàsì tí ó lè jó sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí bẹntiróòlù wọ́n, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Sweden àti Jámánì gbé irú ààrò bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń ko igi sí i, wọ́n sì ń rin ìrìn-àjò wọn. Ọ̀nà kejì ni kí a mú gáàsì yìí kan náà, kí a gbà á kọjá lára irin tàbí cobalt, kí ó di epo olómi. Àwọn onímọ̀ ará Jámánì méjì, Franz Fischer àti Hans Tropsch, ni wọ́n rí ọ̀nà yìí láàárín àwọn ọdún 1920. Èédú inú ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, ṣùgbọ́n gáàsì tí ó ti ara igi jáde náà ń gbà á. Ọ̀nà kẹta ni kí a tú ṣúgà tí ó wà nínú igi sílẹ̀, kí a jẹ́ kí ó kan, kí ó di ethanol, irú ọtí tí ń jó bí epo. Èyí ṣòro ju ti ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́ lọ, nítorí Ọlọ́run fi ohun kan de ara igi pọ̀ bí sìmẹ́ǹtì ti ń de búlọ́ọ̀kù, ohun náà kì í sì í tètè jẹ́ kí ṣúgà inú rẹ̀ jáde.

Ohun kan dùn mọ́ wa nínú rẹ̀. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde pé kí a máa po ethanol mọ́ bẹntiróòlù, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gẹ́ àti ìrèké ni wọ́n tẹjú mọ́. Ìlànà náà kò rìn jìnnà, ṣùgbọ́n bí ó bá rìn, mọ́tò ni ìbá máa bá ènìyàn du gààrí. Kò sí ẹni tí ń fi ìyẹ̀fun pákó tẹ ẹ̀bà. Bí ó bá jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ fi ohun tí ó hù láti inú ilẹ̀ ṣe epo, ohun tí ẹnu ènìyàn kò kàn ni ó sàn jù.

Ibo ni ìyẹ̀fun yìí wà? Ẹni tí ó bá ti gba afárá Third Mainland kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1990 tí wọ́n ti parí rẹ̀ yóò ti rí èéfín Òkò Bàbá lápá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Orí omi ni gẹdú ń gbà dé ibẹ̀, wọ́n á so wọ́n pọ̀ bí ẹní, wọ́n á fà wọ́n gba ọ̀sà láti ìhà Oǹdó, Ògùn àti Delta. Nínú igi tí ó dé ibẹ̀, bí ìdajì péré ni ó máa ń di pákó. Ìyókù ni èèpo, ègé etí igi, àti ìyẹ̀fun. Wọ́n ń sun ún tọ̀sán tòru, tàbí kí wọ́n dà á sétí omi. Èéfín náà kì í bi ẹnikẹ́ni kí ó tó wọ àyà ọmọ Mákòko. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti la ibùdó tuntun kalẹ̀ ní Àgbówà fún àwọn onígẹdú, pé kí wọ́n kó kúrò ní Òkò Bàbá. Àmọ́ ibi tí ayùn bá lọ ni ìyẹ̀fun ń bá a lọ. Kíkó sọ́míìlì láti ibì kan dé ibòmíràn kò dáhùn ìbéèrè kankan nípa ohun tí ayùn ń tú jáde.

Lójú Ìsìláàmù, sísun ìyẹ̀fun lọ́nà yìí kò dára ní ọ̀nà méjì. Ìfiṣòfò ni, Ọlọ́run kò sì fẹ́ràn àwọn tí ń fi nǹkan ṣòfò. Ìpalára ni pẹ̀lú, ìpìlẹ̀ tí gbogbo àwọn onímọ̀ ṣàríà sì dúró lé ni pé a kò gbọ́dọ̀ pa ẹlòmíràn lára, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìpalára gbẹ̀san ìpalára. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ka mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Bí mímú ẹ̀gún kan kúrò bá jẹ́ ìgbàgbọ́, mímú òkè ìyẹ̀fun tí ń rú èéfín kúrò yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Hádíìsì kan wà tí Bukhārī àti Muslim gbà wá, tí a rò pé kò sí èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu tó o. Ànábì kọjá lára òkú àgùntàn kan tí wọ́n ti fi ta ẹrúbìnrin Maymūnah tí ó ti dòmìnira lọ́rẹ láti inú sàráà. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò bó awọ rẹ̀, kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì lò ó. Wọ́n ní òkú ni. Ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé jíjẹ rẹ̀ nìkan ni a ṣe ní hàráámù. Ẹ wo bí àwọn sàábé ṣe rí nǹkan náà: wọ́n ti fún un ní orúkọ, orúkọ náà sì ti parí ọ̀rọ̀ lójú wọn. Òkú ni, ó tán. Ànábì gba ohun kan padà lọ́wọ́ orúkọ náà. Báyìí ni ó ṣe yẹ kí a máa wo ohun tí à ń pè ní pàǹtí. Pàǹtí kì í ṣe ẹ̀dá kan tí Ọlọ́run dá. Kò sí igi kan nínú igbó tí ń hu ìyẹ̀fun. Ìpinnu tiwa ni, a wo ohun kan, a ní òun kò wúlò fún wa mọ́.

Títí dé ibí yìí, àwọn ọ̀dọ́ wa yóò máa pariwo Allāhu akbar, wọ́n á ní a ti gbè wọ́n. Ẹ má tí ì lọ. Hádíìsì kan náà ní ẹ̀yìn. Ànábì ní kí wọ́n lo awọ òkú àgùntàn, kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ lọ́ àgùntàn lọ́rùn nítorí awọ. Bí ìlú kan bá wà tí awọ òkú àgùntàn gbówó lórí débi pé àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójoojúmọ́ láìsí àrùn, kò sí aláàfáà kan tí yóò fi hádíìsì yìí dá wọn láre. Ohun tí ó ṣẹ́kù yàtọ̀ sí ohun tí a gé kí ó lè ṣẹ́kù.

Ìdí tí a fi ń bẹ̀rù èyí ni pé ikùn mọ́tò tóbi. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí a bá gba ọ̀nà gáàsì tí a sọ lókè yìí, igi gbígbẹ tí ó tó nǹkan bíi kílò 5 ni yóò di lítà epo dísù kan, nítorí pé igi kò ní agbára tó epo, púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ sì ń bá ooru lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ agbépo kan tí ń gba iwájú ilé wa kọjá ń kó 33,000 lítà. Ìyẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù 165 igi gbígbẹ. Ṣùgbọ́n gẹdú tí ó ti orí omi wá kò gbẹ, bí ìdajì ìwọ̀n ìyẹ̀fun rẹ̀ ni omi. Nítorí náà, yóò tó tọ́ọ̀nù 330 ìyẹ̀fun tútù. Bí típà kan bá ń kó tọ́ọ̀nù 10, típà 33 ni yóò já ìyẹ̀fun sílẹ̀ kí táńkà kan tó kún. Táńkà kan péré! Ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ ka iye táńkà tí yóò kọjá.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe. Ní Finland, ní ìlú Lappeenranta, ilé-iṣẹ́ UPM bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe epo dísù ní 2015 láti ara òróró kan tí ń ti ara igi páìnì jáde nígbà tí wọ́n bá ń fi igi náà ṣe nǹkan ìpìlẹ̀ bébà. Ọkọ̀ ń mu ún láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti ṣubú. Ilé-iṣẹ́ Choren ní Freiberg, ní Jámánì, wó ní 2011. Ní Amẹ́ríkà, Range Fuels kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Soperton, ní Georgia, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó ìjọba, láti fi àjẹkù igi ṣe ethanol. Òun náà ti ìlẹ̀kùn ní 2011. KiOR ní Mississippi yá owó ńlá lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ náà, ó sì lọ sí kóòtù pé òun kò lè san gbèsè mọ́ ní 2014. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òmùgọ̀ o. Igi ni ó le. Ẹni tí ó bá wá bá yín ní mọ́ṣáláṣí pé kí ẹ dá owó jọ, pé láàárín oṣù mẹ́fà òun yóò máa fi ìyẹ̀fun pákó ṣe bẹntiróòlù, ẹ bi í pé kí ni òun mọ̀ tí àwọn yẹn kò mọ̀.

Ilẹ̀ wa náà ní ìtàn tirẹ̀. Igbó Ọmọ ní ìhà Ìjẹ̀bú, ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ láti 1925. Ní nǹkan bí àwọn ọdún 1970, wọ́n gbèrò láti kọ́ ilé-iṣẹ́ bébà sí Ìwòpin ní ẹ̀bá omi. Ilé-iṣẹ́ náà yóò nílò igi tí ń tètè dàgbà, nítorí náà wọ́n gbin gmelina lọ rẹpẹtẹ sí Ọmọ, lórí ilẹ̀ tí igbó àdámọ́ ti wà. Ilé-iṣẹ́ Ìwòpin kò ṣe bébà bí wọ́n ti rò ó rárá. Igi tí a gbìn fún un wá di pákó lásán, igbó tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì padà. Ilé-iṣẹ́ tí kò ì tí ì jẹun ni ó jẹ igbó yẹn. Ìrètí oúnjẹ rẹ̀ lásán ti tó. Erin ṣì ń bẹ nínú ohun tí ó kù nínú Igbó Ọmọ, àwọn olùṣọ́ sì ń bá àwọn agégi fà á lójoojúmọ́. Ẹ rò ó wò bí a bá sọ fún irú agégi bẹ́ẹ̀ pé gbogbo ohun tí ayùn rẹ̀ bá tú jáde pàápàá ti di owó, àti ìyẹ̀fun, àti ewé, àti gbòǹgbò.

Ewé àti ẹ̀ka tí wọ́n ń já sílẹ̀ nínú igbó, àwọn onímọ̀ kan ń kà wọ́n mọ́ àjẹkù tí a lè kó fi ṣe epo. A kò gbà á fún wọn pátápátá. Ẹ̀ka tí ó wó sínú igbó kì í ṣe pàǹtí. Oúnjẹ ikán ni, oúnjẹ olú ni, láti ọ̀dọ̀ wọn ni ilẹ̀ sì ti ń rí oúnjẹ tirẹ̀ fún igi tí yóò hù lẹ́yìn wa. Àgbẹ̀ tí ó ń kó gbogbo pòròpórò kúrò lóko lọ́dọọdún mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àgbàdo rẹ̀ lọ́dún kẹta. Ìyẹ̀fun ti sọ́míìlì yàtọ̀, òun ti kúrò nínú igbó ná, kò sì ní padà síbẹ̀. Bí a kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àjẹkù, yóò máa fún wa láyè láti gbá igbó mọ́ tónítóní bí ẹni ń gbá iyàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ èéfín tí ń mú ayé gbóná. Òtítọ́ ni pé ìyẹ̀fun tí a sun lásán àti ìyẹ̀fun tí a fi ṣe epo, ojú ọ̀run kan náà ni èéfín wọn ń lọ, ó kúkú sàn kí ó gbé ènìyàn dé Badagry kí ó tó lọ. Àmọ́ igi odindi tí a gé nítorí epo, ọ̀pọ̀ ọdún ni òmíràn yóò fi hù kí ó tó gba èéfín náà padà, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ rántí gbìn ín.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn arábìnrin wa fẹ́ràn láti bi wá: bí epo bá jẹ́ ethanol, ṣé kì í ṣe ọtí ni? Ṣé a lè wọ ọkọ̀ tí ń mu ọtí? A ó kàn fọwọ́ bà á kọjá ni. Sayyidinā ʿUmar ṣàlàyé pé ọtí ni ohun tí ń bo làákàyè. Kò sí ẹni tí ń wá ìgbádùn làákàyè nínú táǹkì mọ́tò, àwọn tí ń ṣe é sì máa ń po ohun tí kò ṣeé mu mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ bóyá ó jẹ́ ẹ̀gbin tí ó kan aṣọ ìrun, àwọn onímọ̀ yapa sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ní ẹ̀gbin ni ọtí, wọ́n sì gba ọ̀nà mìíràn nípa rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Rabīʿah, al-Layth ibn Saʿd àti al-Muzanī. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọ́ra, kí ó fọ ibi tí epo bá ta sí. Bẹntiróòlù lásán pàápàá, a máa ń fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú epo igi ju ti aṣọ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé ìyẹ̀fun tí à ń pè ní pàǹtí yìí ní àwọn tí wọ́n ti ń fi í jẹun. Ẹ lọ sí ibi tí àwọn ìyá wa ti ń yan ẹja létí omi, ẹ ó rí ìyẹ̀fun nídìí ààrò wọn. Àwọn olóko adìẹ ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún adìẹ wọn. Ìyá tí kò lè ra gáàsì ń kì í mọ́ inú agolo ńlá, ó dá ihò sí i láàárín, ó fi ń se ẹ̀wà títí yóò fi jinná. Àwọn mìíràn ní Mákòko fi ìyẹ̀fun àti ìdọ̀tí kún ẹrẹ̀, wọ́n kọ́ ilé lé e lórí, tí ó fi jẹ́ pé pàǹtí ẹlòmíràn ni ilẹ̀ ilé wọn. Owó kékeré ni wọ́n ń rà á, àwọn kan sì ń kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ epo bá bá àwọn oní-sọ́míìlì tọwọ́ bọ̀wé pé gbogbo ìyẹ̀fun tiwọn ni, ìyá ẹlẹ́ja yóò dé pẹ̀lú àpò rẹ̀, wọn yóò sì sọ fún un pé ó ti tán. Ní Finland tí a dárúkọ lókè, àwọn tí wọ́n ti ń fi òróró páìnì ṣe ọṣẹ àti àtè láti ọjọ́ pípẹ́ kígbe irú igbe yìí kan náà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ni àwọn, wọ́n ní lọ́yà. Ìyá ẹlẹ́ja kò ní.

Ànábì wa sọ pé àwọn ènìyàn jọ ni ín ni nínú ohun mẹ́ta: omi, koríko ìjẹko, àti iná. Àwọn onímọ̀ kan fi igi ìdáná tí ó wà ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnìkan kún iná náà. Òótọ́ ni pé ìyẹ̀fun inú sọ́míìlì ní olówó, ẹni tí ó ni igi ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Sayyidinā ʿUmar ṣe. Nígbà tí ó ya ilẹ̀ ìjẹko kan sọ́tọ̀ fún ẹran ọ̀sìn ìjọba, ó fi Hunayy, ẹrú rẹ̀ tí ó ti dá sílẹ̀, ṣe alábòójútó. Ó ní kí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ní ràkúnmí díẹ̀ àti àgùntàn díẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún ẹran ʿUthmān ibn ʿAffān àti ti ʿAbdur-Raḥmān ibn ʿAwf. Bí ẹran àwọn olówó méjèèjì wọ̀nyí bá kú, wọ́n ní ọ̀pẹ dàbínù àti oko tí wọ́n lè padà sí. Tálákà tí ẹran rẹ̀ bá kú yóò kó ọmọ wá síwájú òun ni. Ẹ kíyè sí i pé sàábé pàtàkì ni àwọn méjèèjì, a ti fi àlùjáńnà dá wọn lójú. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ènìyàn burúkú ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní ibòmíràn tí yóò yà sí, àti ẹni tí kò ní, ni ʿUmar ń sọ.

Mọ́tò ní ibòmíràn tí ó lè yà sí. Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kìí bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹntiróòlù láti oṣù kẹsàn-án 2024, ọkọ̀ tí ń lo gáàsì ti ń rin ìgboro, èyí tí ń lo iná mànàmáná náà ti ń yọjú. Ààrò ìyá ẹlẹ́ja kò ní. Nítorí náà, bí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń pín ìyẹ̀fun, ó yẹ kí ààrò rẹ̀ ti kún kí táńkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Lẹ́yìn èyí ni èyí tí wọn ì bá sun lásán, òun ni kí wọ́n kó fún ẹni tí yóò fi ṣe epo, a ó sì bá a yọ̀.

A fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ bá wa ṣe iṣẹ́ kan kí ìwé oṣù tí ń bọ̀ tó jáde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ kẹ́místírì tàbí ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Ẹ lọ sí sọ́míìlì tàbí ọjà pákó tí ó súnmọ́ yín. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bi wọ́n pé ta ni ń kó ìyẹ̀fun wọn lọ báyìí, èló ni wọ́n ń san lórí àpò kan, kí ni wọ́n ń fi í ṣe, àpò mélòó ni wọ́n sì ń sun lọ́sẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ó wá kó o. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí àpérò wa ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Súúrì.